Bàbá Nọ́ọ̀sì àti Àwọn Ti Orí Bẹ́ńṣì

Ní Igbein l'Ábẹ́òkúta, bí wọ́n bá ti dárúkọ olóògbé Herbert Ọ̀ṣúnṣínà, ọ̀rọ̀ bẹ́ńṣì la máa kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Ní 1981, Bàbá Nọ́ọ̀sì, bí a ṣe ń pè é, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tí ọkàn wọn dàrú. Pálọ̀ rẹ̀ ló ti ń bá àwọn tí ìbànújẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n sùn sọ̀rọ̀. Dókítà ọ̀dọ́ kan wá sọ fún un pé, “Ẹ má bínú, Bàbá. Bẹ́ ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀, ara wọn á ṣáà yá. Ọjọ́ tó ń gorí ọjọ́ ló ń wò wọ́n sàn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ yín.”

Bàbá ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, bó bá jẹ́ asán ni, ó fẹ́ mọ̀ kó tó kú.

Ó ní kí àwọn tó ń wá bá a ṣẹ́ kèké. “Bó bá ṣe èmi ni mo yàn,” ó ní, “àwọn tí ara wọn ti fẹ́ yá lojú mi á lọ bá.” Ó mú ìdajì wọ pálọ̀. Ìdajì yòókù ń jókòó sórí bẹ́ńṣì níta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ gba ìtọ́jú kankan, kó lè fi wọ́n wé àwọn ti pálọ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé, àwọn ti orí bẹ́ńṣì ti ń sùn ju àwọn ti pálọ̀ lọ. Bàbá yọjú síta. Ó bá Asiata aláró, tí ọmọ rẹ̀ kú lọ́dún náà, tó ń ròyìn ọmọ ọ̀hún fún wọn, gbogbo wọn ń bá a sunkún.

“Asiata, mo ní kẹ́ ẹ kàn dúró ni.”

“À ń dúró náà ni, Bàbá. Ẹnu la fi ń dúró.”

Ó wá ní kí kálukú àwọn ti orí bẹ́ńṣì máa dúró sílé rẹ̀. Nígbà tó bi wọ́n bí ara ti rí, gbogbo wọn ní, “A dúpẹ́.” Kódà ẹnì kan tójú rẹ̀ ṣì wú fún ẹkún ní òun dúpẹ́. Àbí ọmọ Ẹ̀gbá wo ni àgbà á bi ní àlàáfíà tí yóò sọ pé kò sí? Bàbá mí kanlẹ̀. “Ọmọlúàbí á ba sáyẹ́ǹsì jẹ́,” ó ní.

Ló bá rán Láwàlì, tó ń tún rédíò ṣe ní Láfẹ́nwá, pé kó lọ wo bí ara gbogbo wọn ti rí, torí pé Láwàlì ò mọ ẹni tó wọ pálọ̀ àti ẹni tí kò wọ̀ ọ́. “Má bi wọ́n bóyá wọ́n wọ pálọ̀ o. Bó o bá mọ̀, wàá gbè sẹ́yìn mi.”

Láwàlì padà dé. “Mi ò bi wọ́n, Bàbá. Kí n tó jókòó ni wọ́n ti sọ fún mi.”

Bàbá kú láìrí ìdáhùn, ó sì dùn wá fún un. Lọ́jọ́ ìsìnkú, dókítà yẹn bi Asiata bóyá ọ̀rọ̀ Bàbá ṣiṣẹ́.

“Mi ò wọ pálọ̀ yẹn rí, mi ò lè purọ́,” Asiata ní. “Ṣùgbọ́n bó bá ti ń kọjá nídìí ìkòkò aró mi láàárọ̀, á bi mí bí mo ṣe sùn. Kò ní kúrò títí n ó fi sọ òótọ́. Ó ti lọ báyìí, kò sẹ́ni tó ń bi mí mọ́.”

Dókítà bi í pé, “Mà, báwo lẹ ṣe sùn lánàá?”

Ó sì dúró.