Omi Ẹja Ìyàwó Mi

Ní ọdún tí ìyàwó mi lọ kàwé sí i lókè òkun, n kì í lè jókòó pẹ́. Bí mo bá bu oúnjẹ, òkèlè méjì ni, mo ti tún dìde lọ wo àpótí dígí tó fi sílẹ̀ sí pálọ̀ wa ní Òkè-Ogbó, níbi tí àwọn ẹja rẹ̀ ti ń lúwẹ̀ẹ́. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní jọ́gíráfì, àmọ́ bí mo bá ń ya máàpù sójú pátákó, omi yẹn ni mò ń rò. Ṣé wọn ò tíì mú iná lọ? Ṣé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi náà ṣì ń ṣiṣẹ́?

Òun ló mọ̀ nípa ẹja, ohun tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì nìyẹn. Kó tó lọ, ó là á yé mi títí ó fi sú mi. N kò gbọdọ̀ da omi ẹ̀rọ sí i tààrà nítorí kẹ́míkà tí ìjọba ń fi sí i. Kí n kọ́kọ́ bu ú sínú dúrọ́ọ̀mù, kí n ṣí i sílẹ̀ títí òórùn náà yóò fi lọ. N kò gbọdọ̀ pààrọ̀ gbogbo omi náà lẹ́ẹ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́ta ni, torí ẹja kì í fẹ́ kí ilé rẹ̀ yí padà lójijì. Ó wá kó àwọn bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lé mi lọ́wọ́. Bí mo bá tì í bọ omi tó di àwọ̀ ewé, omi náà dára; bó bá pọ́n bí epo, omi ti kan nìyẹn. Ó ní omi lè mọ́ lójú kó sì kan.

Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ló máa ń pè mí lórí tẹlifóònù lánlọ́ọ̀dù wa nísàlẹ̀. Kó tó béèrè àlàáfíà mi rárá, á ní, "Omi ńkọ́?" Ó ń dùn mí. N kò sì lè bi í ní ohun tó wà lọ́kàn tèmi náà. Láyé ìgbà yẹn, àwọn olùkọ́ yunifásítì ń lọ sókè òkun lọ́tùn-ún lósì, ọ̀pọ̀ wọn kò sì padà. Ẹ̀rù ń bà mí pé tèmi náà kò ní padà. Mo wá bá ara mi ṣàdéhùn: níwọ̀n ìgbà tí àwọn ẹja yìí bá wà láàyè, ó ṣì ní ohun tó máa wá wò nílé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, ìyẹn ò ní kí n má dìde lọ wò wọ́n.

Màámi wá láti Ẹdúnàbọ̀n wá bá mi gbé fúngbà díẹ̀. Ìrìnàjò ìyàwó mi kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Bí àwọn ará ilé lánlọ́ọ̀dù bá ti ké pè mí pé tẹlifóònù dé, ilé ìdáná ni Màámi ń wọ̀. Wọ́n sì máa ń bi mí pé irú ẹja wo lèyí tí ènìyàn ń bọ́ tí kò ṣeé sè.

Lásìkò òjò, omi ẹ̀rọ kọ̀, kò yọ, omi kànga wa sì rú. Mo pọn ọ́n sínú dúrọ́ọ̀mù méjì kó lè tòrò, ọ̀kan lẹ́yìnkùlé, ọ̀kan ní balùwẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé kan mo ṣí ti ẹ̀yìnkùlé, omi náà mọ́ débi pé mò ń wo ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù. Inú mi dùn. Bébà ti ń tán lọ, n kò sì rí ìdí tí mo fi máa fi ọ̀kan ṣòfò sórí irú omi bẹ́ẹ̀. Mo pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta.

N kò tíì mu tíì mi tán tí àwọn ẹja fi gòkè, tí gbogbo wọn ń lanu wá èémí. Iná wà, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Mo mú abọ́, mò ń bu omi náà sókè, mò ń dà á padà kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́, gbogbo pálọ̀ tutù rinrin. Wọn kò yé lanu. Ìgbà náà ni mo ti bébà bọ̀ ọ́. Ó pọ́n.

"Màámi, kí lẹ fi sómi ẹ̀yìnkùlé?"

Wọ́n ní álọ́ọ̀mù ni. Wọ́n rà á ní Sábó, wọ́n rò ó mọ́ ọn nírọ̀lẹ́ àná bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe sí omi kànga tó bá rú. Inú bí mi. Mo sáré lọ sí balùwẹ̀, mo wo omi ibẹ̀ tó ṣì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, mo ti bébà bọ̀ ọ́, ó di àwọ̀ ewé. Mo wá ń gbọ́n ti inú dígí dànù díẹ̀díẹ̀, mò ń fi ti balùwẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Màámi ń bá mi gbé garawa. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, méjì ti kú, àwọn yòókù ti sọ̀ kalẹ̀, omi náà sì rí bíi tíì tí a kò fi mílíìkì sí.

Mo bi wọ́n pé kí ló tiẹ̀ mú wọn fọwọ́ kan omi ẹja.

"Mo fẹ́ kí ìyàwó mi bá omi tó mọ́ nílé ni," wọ́n ní.

Láti ìgbà tó ti rìnrìn àjò, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n pè é ní ìyàwó wọn létí mi. Ìbínú mi kò mọ ibi tí yóò gbà.

Lọ́jọ́ kejì tẹlifóònù dún, mo sáré sọ̀ kalẹ̀, Màámi tẹ̀ lé mi. "Omi ńkọ́?" Mo wo Màámi lójú. Màámi gba tẹlifóònù lọ́wọ́ mi.

"Ìyàwó mi, èmi ni mo ba omi rẹ jẹ́. Wá bá wa tún un ṣe."

Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀, wọ́n ń mi orí. Nígbà tí wọ́n dá tẹlifóònù padà fún mi, ó ti já. Mo bi wọ́n pé kí ló sọ.

"Ó ní ká máa rọra pààrọ̀ díẹ̀díẹ̀, pé bí Kérésì bá dé, òun á wá pààrọ̀ ìyókù fúnra òun."

Mo ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n tún un sọ.