Àìsàn Ráńpẹ́ Tó Pa Ìyá Tánganran

Monica Ọmọ́lẹ́yẹ ti kú. Bí ẹ bá gba àdúgbò wa kọjá ní Ọ̀wọ̀, ẹ ó rí i lára ògiri, lára òpó iná, lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tẹ́lọ̀ tó ti kógbá wọlé, nínú bébà ìkéde òkú tó ní oríṣiríṣi àwọ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ni wọ́n ti ya àwòrán tí wọ́n lò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, eyín rẹ̀ funfun, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò rò pé ọmọge ló kú. Lábẹ́ àwòrán náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ó papò dà "lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́."

Mo dúró síwájú bébà náà, mo kà á, mo tún un kà. Àìsàn ráńpẹ́ kẹ̀? Àìsàn tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ Tẹniọlá ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdírì, tí ọmọ ọ̀hún fi jáde, tó fi kọ́ṣẹ́ irun dídì, tó fi lọ sílé ọkọ, tó fi lóyún, òun lẹ ń pè ní ráńpẹ́? Bí èyí bá jẹ́ ráńpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni èyí tó gùn ṣe ń gùn? Mo mọ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, àfi tí mo bá dé ìsàlẹ̀ tí inú ṣì ń bí mi. Ẹ̀rù ló bà á. Ó rò pé bí òun bá kọ orúkọ àìsàn náà sórí bébà, ògiri yóò kó o.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Monica, Ìyá Tánganran ni gbogbo ayé ń pè é. Ẹgbẹ́ ni wá láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó fi àwo, ìkòkò ńlá àti kúlà yá ẹni tó bá ní ìnáwó. Láti Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ dé Isuada, títí dé Ute lọ́hùn-ún níbi tí Tẹniọlá lọ́kọ sí, ta ló sìnkú, ta ló sọmọ lórúkọ, tí kò fi àwo rẹ̀ bọ́ àlejò? Àwo tánganran funfun ni, òdòdó pupa wà létí rẹ̀. Nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan ló kán ọ̀dà búlúù sí, nítorí pé gbogbo àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ló ní àmì tiwọn, kí àwo ẹnìkan má baà bá ti ẹlòmíràn lọ. Búlúù ni ti Monica. Bí ẹ bá fi ẹyọ kan pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, yóò wá kí yín nílé, yóò bèèrè àlàáfíà ìyá yín, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀.

Báwo la ṣe wá mọ̀ pé ara rẹ̀ kò dá? Oore ló ń ṣe. Ìyàwó Kingsley, aládùúgbò rẹ̀, ń rọbí, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ọsibítù ní kí wọ́n wá ẹni tí yóò fún un lẹ́jẹ̀. Gbogbo ẹbí Kingsley rántí lójijì pé ibà ń ṣe àwọn. Monica ló fi ìkòkò tó ń fọ̀ sílẹ̀, ó gun ọ̀kadà, ọṣẹ ṣì wà lápá rẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní àwọn kò lè gbà á, pé ó ní àrùn mẹ́dọ̀wú, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní hẹpatáítíìsì B. Ẹni tó sọ ọ́ kò tilẹ̀ pè é sí kọ̀rọ̀. Ojú fèrèsé ló ti sọ ọ́, bí ẹni tó ń pe èrò sọ́kọ̀ Àkúrẹ́.

Mẹkáníìkì kan ló padà fún wọn lẹ́jẹ̀, ìyàwó Kingsley bímọ láyọ̀. Ṣé Kingsley lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Monica? Ó dúpẹ́ o, ṣùgbọ́n ọwọ́ Ọlọ́run ló ti dúpẹ́, ní gbangba títì. "Olúwa ló yọ wá! Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Tánganran ì bá ti pa ìyàwó mi!" Obìnrin tó sáré wá gbà ọ́ sílẹ̀, Kingsley, òun lo fi jẹ́rìí.

Láti ọjọ́ náà ni àwo Monica ti ń sùn nílé. Wọ́n ní ibà apọ́njú, bí wọ́n ṣe ń pe àrùn náà, wà nínú rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí fáda bá ní kí a fún ara wa ní àlàáfíà, òkèèrè ni wọ́n ti ń juwọ́ sí i bí ẹni tó ń sin ará oko sọ́kọ̀. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ yọ ọ́ kúrò nídìí ìkòkò, wọ́n fi í sínú ìgbìmọ̀ àdúrà, bí ẹni pé àdúrà kò lè kó àrùn. Mo lọ bá a nílé pé kí n tù ú nínú, òun ló wá ń tù mí nínú.

"Ghọn ti fi mi joyè," ló wí. "Ẹnìkan é bá mi jẹun mọ́. Ẹnìkan é jókòó sórí àga mi. Ẹnìkan é bọ̀ mí lọ́ghọ́. Adé ló kù."

Naimat nìkan ni kò gbà pé ó joyè tí ẹnìkan kò gbọdọ̀ bá a jẹun. Naimat ń ta òwú àti bọ́tìnnì láàárín ìlú, ó sì máa ń yà lọ́dọ̀ Monica kí wọ́n jọ jẹun nínú abọ́ kan. Nígbà tí àwọn ènìyàn kìlọ̀ fún un, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ni dókítà sọ pé ó ghà nínú rẹ̀. Uṣu ni mo ń jẹ nulé rẹ̀, mé è jẹ ẹ̀jẹ̀."

Òótọ́ ni Naimat sọ. Inú ẹ̀jẹ̀ ni kòkòrò náà ń gbé: abẹ́ tí a jọ lò, abẹ́rẹ́ tí a kò sè, ìbálòpọ̀, àti ìyá sí ọmọ nígbà ìbí. Kì í gbé nínú àwo, kì í gbé lórí àga, kì í sì í bọ ènìyàn lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó ń sá fún ṣíbí Monica, mo ń rí wọn lọ́jọ́ Sátidé lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tó ń fi abẹ́ kan ṣoṣo fá orí gbogbo àdúgbò, wọ́n tò bí ẹni tó fẹ́ gba ìbùkún.

Monica kò jókòó sílé kó máa retí ikú. Ó lọ sọ́sibítù, dókítà sì ṣàlàyé fún un pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bá àrùn yìí gbé títí di ọjọ́ ogbó, pé oògùn kan wà tí yóò máa lò lójoojúmọ́ tí kò ní í jẹ́ kí àrùn náà ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó gba ojú fèrèsé oògùn lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi, ó ń fọwọ́ gbá itan bó ṣe ń sọ ọ́.

"Màmá, oògùn yìí wà," ni nọ́ọ̀sì wí, "ṣùgbọ́n kì í ṣe tiyín."

"Ta ló ni ín?"

"Àwọn tó ní àrùn éèdì ni wọ́n kó o wá fún. Ọ̀fẹ́ ni tiwọn. Ẹ̀yin yóò lọ rà á níta ni."

"Oògùn kan náà?"

"Oògùn kan náà, mà."

Monica wo inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó rí i níbi tí wọ́n tò ó sí. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, níbo ni a ti ń gba éèdì ọ̀hún? Ṣé ìlà rẹ̀ gùn?"

Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri, nígbà tó ṣe, ó ń fi etí aṣọ nu ojú, kì í sì í ṣe ẹ̀rín mọ́. N kò bínú sí nọ́ọ̀sì. Òun kọ́ ló pín aláìsàn sí àyànfẹ́ àti àṣátì. N kò sì ní kí wọ́n gba oògùn lọ́wọ́ àwọn tó ní éèdì o, àwọn náà ti jẹ ìyà ẹnu ayé kó tó kan Monica. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé, ta ló jókòó sínú ọ́fíìsì tó tutù, tó pinnu pé ẹ̀dọ̀ obìnrin yìí lè dúró ná?

Wọ́n tún ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò tí yóò fi bí kòkòrò náà ṣe pọ̀ tó hàn. Ó wọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́. Ó ní òun kí ẹ̀rọ náà kú ìnira, òun sì padà sílé. Oògùn tó yẹ kó lò lójoojúmọ́ wá di oògùn tó ń lò nígbà tó bá rí i rà, kò sì rí i rà nígbà púpọ̀, nítorí ta ló ń yá àwo rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ kọ àwo rẹ̀, ẹ̀yin lẹ gba oògùn lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tí kò sì jẹ́ fẹnu kan oúnjẹ rẹ̀ ló tún ń gbé àgbo wá fún un lóríṣiríṣi, wọ́n ń gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sá lọ. Ẹ̀dọ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi, wọ́n ń da egbòogi lé e lórí.

Nígbà tó yá, ikùn rẹ̀ wú. Ẹnu àdúgbò tún là. Wọ́n ní opó ti lóyún, Kingsley ló sì ń sọ ọ́ kiri. Monica ní bí òun bá bí i lọ́kùnrin, Kingsley ni òun yóò sọ ọ́, torí pé òun ló kọ́kọ́ kéde rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ tó gbẹ̀yìn tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, agogo ṣọ́ọ̀ṣì kò tíì lù. Mo ń ṣàárò rẹ̀, inú sì ń bí mi.

Ó wá ku ìsìnkú. Bàbá Dominic, ẹ̀gbọ́n ọkọ Monica, ni olórí ẹbí. Mo ti dé ìsàlẹ̀, inú ṣì ń bí mi: Bàbá Dominic ló kọ "àìsàn ráńpẹ́." Wọ́n pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó àwo Monica jáde, Ìkàrẹ́ ni kí a ti lọ yá àwo wá. Ẹ gbọ́ ná: aláwo kú, ilé rẹ̀ kún fún àwo, a gbé mọ́tò lọ yá àwo ní ìlú onílùú.

Èrò sì dé. Àwọn tí kò ya ilé Monica láti ọdún gbọọrọ, gbogbo wọn mọ ọ̀nà ibẹ̀ láì bèèrè. Ikú sọ ilé náà di mímọ́ lójijì. Iyán ń gbóná, ẹran ìgbẹ́ wà lórí ẹ̀gúsí, àwo Ìkàrẹ́ sì tán láàárín èrò. Mo rí Naimat tó fojú pe Tẹniọlá, mo rí i tí àwọn méjèèjì gba ẹ̀yìnkùlé lọ, mo sì rí i tí àwo tún pọ̀ yanturu. N kò bèèrè nǹkan kan. Ebi ń pa mí.

Bàbá Dominic jẹ iyán tán, wọ́n fẹ́ràn ọbẹ̀ náà débi pé wọ́n fọwọ́ méjèèjì gbé àwo sẹ́nu, wọ́n ń fà á gbẹ. Àwa tí a jókòó lọ́ọ̀ọ́kán wọn kò rí ojú wọn mọ́. Ìdí àwo là ń rí. Ọ̀dà búlúù.

"Bàbá!" ni Naimat ké. "Ẹ ghò ìdí àwo yín o!"

Gbogbo abẹ́ ìbòòrùn wo ìdí àwo náà. Lẹ́yìn náà ni kálukú ń wádìí àwo tirẹ̀. Ẹni tó ti jẹ tán yí tirẹ̀ dojú dé. Ẹni tí kò tíì jẹ tán gbé tirẹ̀ sókè orí, ó ń yọjú wo abẹ́ rẹ̀, ọbẹ̀ ń ro sínú fìlà. Kingsley kò ní sùúrù. Ó yí tirẹ̀ dànù sórí itan ara rẹ̀, ẹ̀gúsí gbígbóná, ó fò sókè. Ìyá arúgbó kan tó jókòó nítòsí mi ní, "Ẹran tó wà lórí rẹ̀ ńkọ́? Ṣé òun náà ní búlúù?"

Gbogbo ojú padà sí Bàbá Dominic. Wọ́n wo àwo náà, wọ́n ní, "Ó ti kọjá ọ̀fun." Wọ́n wá na àwo náà sí Tẹniọlá. "Bu díẹ̀ sí i, ọmọ mi."

A rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ mo wo Tẹniọlá bó ṣe ń bu ọbẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ì bá fẹ́ rí ọjọ́ yìí. Títí di òní, kò sí ẹni tí ibà apọ́njú mú láàárín wa. Kingsley tilẹ̀ sanra sí i. Ó dáa bẹ́ẹ̀: bí àwo náà kò bá pa yín lọ́jọ́ ìsìnkú, kí ló dé tí ẹ fi jẹ́ kó pa ẹni tó ni ín?

Tẹniọlá lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ wò lẹ́yìn ìsìnkú. Àrùn náà wà níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bí i ló ti gbà á. Oyún rẹ̀ sì ti pé. Dókítà ní kó má bẹ̀rù, pé bí ọmọ náà bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kí ilẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n bí i tó ṣú, àrùn náà lè má kàn án rárá. Tẹniọlá lọ bèèrè abẹ́rẹ́ yìí ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní ẹkùn Ọ̀sẹ́ tí ó fẹ́ bímọ sí.

"Ọjọ́bọ̀ la máa ń ṣí fíríìjì," ni wọ́n wí.

"Bí mo bá bí ní ọjọ́ Ẹtì ńkọ́?"

"Ẹ gbé e wá ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e."

Wọ́n ní ìgò kan ni oògùn ọmọ púpọ̀, pé àwọn kò lè ṣí i nítorí ọmọ kan, àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ pé bí èrò ọkọ̀. Ṣé kí Tẹniọlá bá ti inú sọ̀rọ̀ ni, pé kó jọ̀ọ́, kó wo kàlẹ́ńdà kó tó jáde?

Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ètò ìlera ní ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀yin ọ̀gá yín ní Àkúrẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá ọ̀gá yín ní Àbújá, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ta ló ní kí wọ́n máa ti oògùn mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lójú aláìsàn? Ta ló ń tún ẹ̀rọ àyẹ̀wò ṣe? Ẹ jáde, kí ẹ dárúkọ ara yín, kí ẹ dáhùn ikú Monica. Bàbá Dominic, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ya "ráńpẹ́" kúrò lára ògiri wa. Ìwọ Kingsley, ohùn tí o fi kéde ẹ̀jẹ̀ Monica ní títì, òun ni mo fẹ́ kí o fi kéde abẹ́rẹ́ yìí, ó ṣe tán, ọ̀fun rẹ kò tíì gbẹ.

Naimat ti fọ àwo tánganran gbogbo, ó dà wọ́n dé sẹ́yìnkùlé, búlúù wọn ń wo òkè, ó ń retí ìsọmọlórúkọ. Èmi náà ń bọ̀ wá jẹun. Ṣùgbọ́n Tẹniọlá lè kúnlẹ̀ lónìí, ó lè kúnlẹ̀ lọ́la, kò sì sí abiyamọ tó ń dúró de Ọjọ́bọ̀. Lọ́wọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ fíríìjì wà?