Ìwé Mọ́kànlélógójì Tíṣà Zinsu

Wọ́n sin Tíṣà Zinsu ní Iworo lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, a ò rí ìwé kan ṣoṣo fi síbi orí rẹ̀. Ẹ tún un gbọ́ o: Tíṣà Zinsu, a ò rí ìwé!

Ẹni tí kì í ṣe ará etí ọ̀sà lè má mọ ohun tó ń dùn mí. Láàárín àwa ìdílé Mẹ́tọ́díìsì níhìn-ín, ìwé tí àgbàlagbà fi ń gbàdúrà la máa ń tẹ́ sábẹ́ orí rẹ̀ nínú pósí. Báyìí la ṣe ń sin àwọn ìwé àtijọ́ tí òyìnbó ajíhìnrere kó wá, tí àwòrán Jónà àti Dáníẹ́lì wà nínú wọn, àwòrán tí wọ́n fi irin fín sára bàbà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Tíṣà nìkan ló ka èyí sí àdánù. Ibikíbi tí òkú bá sùn, ẹ ó bá a níbẹ̀, fìlà lọ́wọ́, tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má sin ìwé.

Nígbà tí ìyá mi, Màmá Tabitha, kú, ó wá bá mi. Inú bí mi. Mo ní, "Ẹ̀yin Tíṣà, òkú náà lẹ tún fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Láyọ̀, ìyá rẹ ti débi tó ń lọ," ó ní. "Àwa tó kù la ò tíì mọ̀nà. Jẹ́ ká máa wo àwòrán."

Mo fa ìwé ìyá mi lé e lọ́wọ́. Ó ṣí bébà fẹ́lẹ́ tó bo àwòrán Jónà bí ẹni ṣí aṣọ lójú ọmọ tuntun, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ọkùnrin tí kò láya, tí kò bímọ.

Mọ́kànlélógójì ló kó jọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ara ò gbé e mọ́, ó kó gbogbo rẹ̀ fún ọ́fíìsì ìjọba kan ní Badagry, ọ̀gá ibẹ̀ sì fọwọ́ sí i pé àwọn yóò tọ́jú wọn. Lẹ́yìn náà ni ṣójà gbàjọba. Wọ́n ní ká fún ìgbànú le, wọ́n ní ká máa tò lórí ìlà. Tíṣà náà tò! Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì náà, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kó fojú kan ìwé rẹ̀. "Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Bàbá." Ọdún kan gbáko.

Ṣé ẹ mọ ibi tí ìwé wà? Wọ́n ti kó o dà sẹ́yìnkùlé, kí páálí mílíìkì àti àpò ṣúgà ìjọba lè ráyè nínú yàrá. Kòṣeémáàní ni wọ́n pe ṣúgà. Ó dáa. Ta ló wá lá a? Ìwọ tó ń ka èyí, ṣé o tọ́ ọ wò? Òjò oṣù kẹfà lu ìwé títí ó fi rọ̀ bí ẹ̀kọ. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló rí i níbẹ̀. Nurat, aládùúgbò rẹ̀, ní láti ọjọ́ náà, kò dáná mọ́. Lọ́jọ́ kẹsàn-án ló bá a lórí ìjókòó, ó ti kú, kò sẹ́nì kan lọ́dọ̀ rẹ̀.

Èmi náà jẹ̀bi. Ó ti ju ọdún méjì lọ tí mo ti yà kí i. Ẹ̀yin ìjọ tó kọrin lé e lórí ńkọ́? Ta ló bá a tò nínú yín?

Ṣùgbọ́n ọ̀gá ọ́fíìsì, ìwọ lo fọwọ́ sí i. Àgbà ni ọ́, mi ò sì ní bọ̀wọ̀ fún ọ lónìí. Tí wọ́n bá fẹ́ mú mi, wọ́n mọlé mi ní Aradagun. Jáde wá, dárúkọ ẹni tó pàṣẹ. Kó ohun tó ṣẹ́ kù wá, ìbáà ṣe ojú ìwé kan. Mo ti sọ fún Gbádégẹṣin tó ń mọ sàréè pé kó má tíì da sìmẹ́ńtì. Iyẹ̀pẹ̀ ṣì rọ̀, ṣọ́bìrì wà lọ́wọ́ mi, ibi orí Tíṣà sì ṣófo.