Ẹnu mi ni wọ́n ń wò lórí ilé bàbá wa

Ẹ fara balẹ̀, kí n ròyìn ohun tójú mi rí nílé bàbá wa n'Ísàlẹ̀ Èkó ní Sátidé tó kọjá.

Mo ń di irun fún Ìdáyá, ọmọ mi, nígbà tí wọ́n ní kí n máa bọ̀ ní pálọ̀. Ẹnì kan fẹ́ ra ilé wa, ó fẹ́ wó o, kó kọ́ pílásà síbẹ̀. Irun ìdajì náà lọmọ fi tẹ̀ lé mi.

Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá wa fẹ́ kó tó kú. Nílé wa, iye ìyá la fi ń pín nǹkan, kì í ṣe iye ọmọ. Èmi nìkan ni ìyá mi bí. Ẹ ò rí i? Ohùn èmi nìkan tó ti odindi ọmọ ìyá kan!

Bọ̀dá Mónsúrù, ọmọ ìyàwó kejì, tó ń ta bàtà ní Balógun, ní ká tà á. Àǹtí Síkírá, àkọ́bí ìyáálé, ní kò sóhun tó jọ ọ́. Wọ́n ní bàbá wa ò ra ilẹ̀ yẹn, wọ́n bá a níbẹ̀ ni, àwa náà kàn ń bá àwọn tó ń bọ̀ tọ́jú ẹ̀.

Bọ̀dá rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀, ọwọ́ ta ló ti tọrọ ẹ̀? Ṣebí ó kàn ri igi mọ́lẹ̀ ni, ó ní tòun ni. Ohun tí mi ò bá lè tà, ṣé tèmi ni?"

"Atẹ́gùn tó ò ń mí sínú ńkọ́? Tà á ká rí i."

Ni wọ́n bá kọjú sí mi. "Bílíkì, ìwọ là ń wò."

Kí ni kí n wí? Ògiri yàrá mi ti là láti òkè délẹ̀. Tójò bá ń rọ̀, mi ò kì í sùn. Tá a bá tà á, mo máa rí yàrá gidi gbà. Ṣùgbọ́n abẹ́ sìmẹ́ǹtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn la sin ìyá mi sí. Mo bi Bọ̀dá pé àwọn tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ńkọ́. Bọ̀dá ní wọ́n á da kọnkéré lé wọn lórí, àwọn òkú ò ní mọ̀.

Mo ní mi ò mọ ẹni tó nilẹ̀ o, àmọ́ mi ò lè ta ìyá mi.

Àǹtí dì mọ́ mi, wọ́n ṣàdúrà fún mi. Wọn ò bèèrè ògiri. Bọ̀dá ló bèèrè ẹ̀: "Tó bá wó, ta lo máa pè?"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ má ta ilé ẹbí, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ta ló máa tún un ṣe. Ẹ̀yìn tí mo ti sọ̀rọ̀ tán lèmi rántí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ẹbí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ẹ bá mi sọ ọ́ nísàlẹ̀ yìí.

Nígbà tí mo jókòó parí irun yẹn, Ìdáyá bi mí pé ṣé tiwa nilé yìí.

Mo ní, "Tiwa ni láti gbá, kì í ṣe tiwa láti tà. Tẹ orí ba. Tá a bá ṣe tán, wá bá mi gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri."