Lọ́yà Ní Ká Má Lọ Kí Olókùú

Ní àárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba, tí Ìwó ṣì wà lábẹ́ Ìbàdàn nítorí pé wọn kò tíì dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, a kò ju dókítà mélòó kan lọ ní ilé ìwòsàn ìjọba tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwa là ń tọ́jú Ìwó, àwa náà là ń tọ́jú àwọn tó ń ti Kuta wá, àti àwọn ará Olúpọ̀nnà, ìlú tí wọ́n bí mi sí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn dókítà ní agbègbè náà, orúkọ tí gbogbo èèyàn sì ń pè mí nìyẹn. Akọ̀wé níhìn-ín, Akọ̀wé lọ́hùn-ún, àfi bí ẹni pé ìyá mi kò sọ mí lórúkọ.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ìbéèrè kan ni gbogbo yín máa ń bi mí: “Bàbá, ibo ló dáa jù kí n lọ ṣiṣẹ́?” Bí mo bá ti gbọ́ ọ, ara mi kì í balẹ̀ mọ́. Ìbéèrè náà kò burú o. Ó máa ń rán mi létí Adérónkẹ́, àti ìyanṣẹ́lódì wa, àti ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kó ti parí láti ìgbà náà tí kò parí.

Dókítà bíi tèmi ni Adérónkẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, òun ló sì ń bójú tó àwọn aláboyún. Bó bá rẹ́rìn-ín ní wọ́ọ̀dù, ẹni tó wà lẹ́nu géètì á gbọ́. Nírọ̀lẹ́, a máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àwọn dókítà, a ó máa jẹ ẹ̀pà sísè, a ó máa jiyàn. Kò sí iyàn méjì. Ibo ni ká lọ? Ìgbà yẹn ni náírà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú, tí àwọn Lárúbáwá ń wá gba dókítà ní Ìbàdàn bí ẹni ń gba alágbàro.

“Ibi gbogbo là ń dáná alẹ́,” ni mo máa ń wí, “ọbẹ̀ ló kàn dùn ju ara wọn lọ.”

“Ó dáa, jẹ́ ká tọ́ ọbẹ̀ náà wò ká tó bu òkèlè,” ni Adérónkẹ́ á dá mi lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣe dókítà l'Amẹ́ríkà ti wálé ọdún Kérésì. Ó ní owó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà wà níbẹ̀. Bí aláìsàn bá ní o kò tọ́jú òun bó ṣe yẹ, kóòtù yá. Nítorí náà, kí dókítà tó fọwọ́ kan aláboyún, ó ní láti máa san owó adójútòfò, owó náà sì ń wọ́n sí i lọ́dọọdún débi pé àwọn kan ti pa iṣẹ́ agbẹ̀bí tì. Ní ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá ńkọ́? Wọ́n ní bí aláìsàn bá kú tí wọ́n dá ọ lẹ́bi, o ó san díyà, ìyẹn owó ẹ̀jẹ̀. Ìwé ìrìnnà rẹ sì wà lọ́wọ́ ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́, ibi tí o máa sá gbà kò sí.

“Ìwó ló dáa jù nígbà náà,” ni mo wí. “Ta ló ń pe dókítà lẹ́jọ́ níbí? Bí èèyàn bá kú, àmúwá Ọlọ́run ni.”

Adérónkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Akọ̀wé, ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Níbi tí ẹnikẹ́ni kì í pe ìjọba lẹ́jọ́, ta ni yóò fipá mú wọn ra epo sínú jẹnẹrétọ̀?”

Epo yìí ni gbogbo ìjà wa. Jẹnẹrétọ̀ wà, ó tóbi bí ilé, ṣùgbọ́n kò sí epo nínú rẹ̀. A ti sọ fún àwọn aláṣẹ ní Ìbàdàn títí. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ẹgbẹ́ wa wá fún ìjọba ní gbèdéke pé bí epo àti omi kò bá dé àwọn ilé ìwòsàn, a ó daṣẹ́ sílẹ̀.

Gbèdéke náà kò tíì pé tí Sàráfátù fi kú.

Aṣọ ni Sàráfátù ń tà lọ́jà. Ọkọ rẹ̀ ni Alfa Múfútáù, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní agboolé wọn láàárín ìlú àtijọ́. Ìrun Àsárì ni wọ́n kí tán tí wọ́n fi gbé e wá, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, òjò sì ṣú dùdù. Adérónkẹ́ kò fi àkókò ṣòfò, ó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó ti gbé ọmọ jáde, mo gbọ́ igbe ọmọ náà láti ìta, ni iná bá lọ. Ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú ọgbẹ́ dákẹ́. Nọ́ọ̀sì tan tọ́ọ̀ṣì. Èmi sáré lọ sídìí jẹnẹrétọ̀ bí wèrè, mo ṣí ojú táńkì rẹ̀, ó gbẹ táútáú. Inú bí mi, mo ta á nípàá títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ ká fà sí obìnrin náà lára ńkọ́? Ó ti bàjẹ́ nínú fìríìjì, nítorí iná kan náà. Kí iná tó dé, Sàráfátù ti lọ.

Adérónkẹ́ jáde, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Alfa Múfútáù ló wá bá a níbẹ̀. Ó ní, “Àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹ ṣé, Dókítà, ẹ gbìyànjú.” Ọkùnrin tí aya rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ló ń dúpẹ́! N kò mọ ibi tí mo lè gbé ojú mi sí.

A bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. A kò lé àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù o, ṣùgbọ́n a kò gba aláìsàn tuntun, àfi ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́ bọ́. Ìjọba kò dá wa lóhùn epo. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbé ọ̀rọ̀ sórí rédíò, wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn dókítà tó ń pariwo yìí ló fi àìbìkítà pa obìnrin kan ní Ìwó. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ẹni tó kọ̀ láti ra epo ló ń pe ẹlòmíràn ní apànìyàn.

Ẹgbẹ́ wa wá rán lọ́yà sí wa láti Ìbàdàn, ọkùnrin pẹ́ńpẹ́ kan tí kì í yé nu ìgò ojú rẹ̀. Adérónkẹ́ sọ fún un pé òun ń lọ síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ Sàráfátù láti kí àwọn ẹbí rẹ̀.

“Ẹ má dán an wò,” ni lọ́yà wí. “Ẹ máa kúnlẹ̀, ẹ máa ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ní ẹ forí jì mí. Bó bá di ọjọ́ ẹjọ́, wọ́n á ní ẹ ti jẹ́wọ́ nìyẹn.”

Mo ní, “Lọ́yà, Ìwó la wà o. Ẹni tí kò bá wá kí olókùú níbí, òun ni wọ́n ń pè ní ẹni tó pa òkú.”

“Akọ̀wé, ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi.”

Ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má rò pé mo ń bú u. Òfin tó kọ́ ló ń tẹ̀ lé. Adérónkẹ́ gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, àwa yòókù náà kò sì lọ. Ní agboolé Alfa, wọ́n tẹ́ ẹní lọ́tọ̀ fún àwọn dókítà. Àdúrà parí, ẹnikẹ́ni kò jókòó sórí ẹní náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ìyá Sàráfátù, ìyá tó bí olóògbé náà, lọ sọ ọ́ láàárín ọjà: “Ọmọ mi kú sí wọn lọ́wọ́, n kò bá wọn jà. Ẹ kú ọ̀fọ̀ lásán, wọn kò lè wá sọ ọ́! Kí ni wọ́n ń sá fún?” Kò pẹ́ tí àwọn ẹbí fi gbé ẹjọ́ dé àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n wá mú Adérónkẹ́, a sì fi ojú winá kí wọ́n tó gbà ká ṣe onídùúró fún un.

Nígbà tí a wá tò jáde nínú aṣọ funfun wa, tí a forí lé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ láti fi ẹ̀hónú hàn, àwọn obìnrin ọjà ti dí títì pa. Ìyá Sàráfátù ló wà níwájú. “Ẹ pa á tán, ẹ tún ń daṣẹ́ sílẹ̀!” ni wọ́n ń kọ. Ẹnì kan ju pàǹtí lù mí láyà. Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná, mo fẹ́ fèsì, lọ́yà sì ń fà wá láṣọ pé ká padà.

Adérónkẹ́ bọ́ aṣọ funfun rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó rìn lọ bá Ìyá Sàráfátù, ó sì kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà gbígbóná.

“Ẹ kú ọ̀fọ̀, Ìyá. Ẹ kú àṣẹ̀hìndè. Ọlọ́run kò ní fi irú rẹ̀ hàn wá mọ́.”

Lọ́yà figbe ta: “Ẹ dìde! Ẹ dìde ńbẹ̀!”

Ìyá kò tilẹ̀ wò ó. Wọ́n ní, “Ìsinsìnyí lo rántí?”

“Wọ́n ní kí n má wá, mà.”

“Ta ló ní kí o má wá?”

“Lọ́yà ni, mà.”

Ìyá wá gbójú sókè, wọ́n wo lọ́yà láti orí dé ẹsẹ̀. “Ìwọ yìí, ṣé o ò ní ìyá ni?” Àwọn obìnrin kan bú sẹ́rìn-ín nínú ìbínú náà. Lọ́yà yọ ìgò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Ìyá yíjú padà sí Adérónkẹ́: “Sọ bí ọmọ mi ṣe kú fún mi.”

Adérónkẹ́ sọ ọ́. Ó sọ igbe ọmọ, ó sọ iná tó lọ, ó sọ ẹ̀jẹ̀ tó bàjẹ́ àti táńkì tó gbẹ. Ó ní, “Ìyá, ọwọ́ mi ló kú sí. N kò lè sọ pé kò kú sí mi lọ́wọ́.” Ó wá bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún, ẹni tó bá fẹ́ kó fi mí rẹ́rìn-ín.

Alfa Múfútáù ti dé ẹ̀yìn wa láìjẹ́ pé a mọ̀. Ó bi mí pé, “Ta ló yẹ kó ra epo yẹn?”

“Ìjọba ni, Alfa.”

“Ṣé wọ́n mọ̀ pé kò sí?”

“A sọ ọ́ títí ẹnu wa fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.”

Ó tún láwàní rẹ̀ wé. Ó ní, “Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó yá, ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ.” Bí àwọn obìnrin ọjà ṣe dà pọ̀ mọ́ àwọn dókítà nìyẹn, tí ojú títì kún fọ́fọ́. Nígbà tí a dé ọ́fíìsì, ọ̀gá ibẹ̀ ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sá lọ. Kò pẹ́ sí i ni ọkọ̀ epo wọ inú ọgbà ilé ìwòsàn. Mo fọwọ́ kan ọkọ̀ náà bí ẹni pé kì í ṣe òótọ́.

Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró, ìtàn yìí ì bá dùn. Alfa fa ẹjọ́ Adérónkẹ́ yọ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ó sì pe ìjọba lẹ́jọ́. Lọ́yà wa kan náà ló bá a rò ó. Àgbẹjọ́rò ìjọba dìde, ó ní dókítà fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀ ní gbangba, ó ní ọwọ́ òun ló kú sí. Lọ́yà wò mí, ó ń nu ìgò ojú rẹ̀. Lẹ́yìn ìsúnsíwájú lórí ìsúnsíwájú, wọ́n ní òfin fi àkókò kúkúrú sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́, àkókò náà sì ti kọjá kí Alfa tó pe ẹjọ́. Wọ́n da ẹjọ́ nù. Ẹnì kan ṣoṣo ló jẹ palaba ìyà: ìjọba lé Adérónkẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Amẹ́ríkà ló lọ, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo bi í pé ẹjọ́ tó ń sá fún ńkọ́, owó adójútòfò ńkọ́. Ó ní, “Akọ̀wé, wọ́n lè pè mí lẹ́jọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè mí, wọ́n á pe ilé ìwòsàn náà mọ́ mi. N kò ní dá nìkan kúnlẹ̀ mọ́.”

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó pè mí lórí fóònù. Aláìsàn kan ti kú sí i lọ́wọ́ lọ́hùn-ún, lọ́yà ilé ìwòsàn sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má sún mọ́ àwọn ẹbí. Ó rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín náà wá di ẹkún. Ó ní, “Ibi gbogbo mà là ń dáná alẹ́, Akọ̀wé.”

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, n kò mọ ibi tó yẹ kí ẹ lọ. Èmi dúró sí Ìwó, kì í ṣe pé mo gbọ́n ju Adérónkẹ́ lọ. A jèrè ọkọ̀ epo kan, epo náà tán, a tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. A pàdánù dókítà tó mọṣẹ́. Òfin tó yẹ kó gba aláìsàn lọ́wọ́ ìjọba, kó sì gba dókítà pẹ̀lú, a kò tíì rí i gbà. Bí ẹ lọ, bí ẹ dúró, ìjà yẹn ṣì wà nílẹ̀ fún yín.

Gbogbo ọdún Iléyá ni mò ń lọ kí Alfa Múfútáù. Ọmọ tí Adérónkẹ́ gbé jáde lọ́jọ́ náà, Bàrákátù, ló máa ń bù fún mi jẹ. Alfa kì í gbàgbé láti bi mí pé, “Akọ̀wé, ṣé wọn ò ní wá ni?”

“Àwọn wo, Alfa?”

“Ìjọba. Dókítà kí wa. Ẹ̀yin náà wá. Lọ́yà gan-an wá jókòó sórí ẹní yìí. Ìjọba nìkan ló kù.”

Ó máa ń fẹ̀rín sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe eré. Alfa náà ti kú báyìí. Mo wà níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀. Bàrákátù tẹ́ ẹní kan sọ́tọ̀, n kò béèrè ti ta ni. Títí wọ́n fi ṣe àdúrà tán, ẹnu ọ̀nà ni mò ń wò.