Apá Tí Mànsúrà Fi Ń Wọn Aṣọ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí àwọn tí kò sí níbẹ̀ ló ń sọ ọ́ jù. Èmi Kùdírátù, òwú àti bọ́tìnnì ni mò ń tà ní ọjà Asafo níbí. Ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí ti ọ̀rẹ́ mi, Àlájà Mànsúrà aláṣọ, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kumasi níbí ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí.

Mànsúrà kì í lo ọ̀pá ìwọ̀n. Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ ló ń ṣe é: yóò di etí aṣọ mú níbi imú, yóò na apá ọ̀tún gbọọrọ, yáàdì kan nìyẹn. Àwọn oníbàárà a máa ní apá Mànsúrà kì í purọ́.

Àfi ọjọ́ tí Akosua aránṣọ, tó ń gbé Fante New Town, gbé aṣọ padà dé. Ó fa tépù yọ lọ́rùn, ó wọn aṣọ náà lójú gbogbo ọjà. Aṣọ ò pé.

"Maame, ẹ ń yọ aṣọ mi jẹ ni?"

Hà! Láti kékeré làwọn alfa ti ń fi ọ̀rọ̀ adínwọ̀n dẹ́rù bà wá. Mànsúrà búra pé òun ò yọ nǹkan kan. Ta ló fẹ́ gbọ́? Kò pẹ́ táwọn mìíràn náà fi gbé tiwọn dé. Mànsúrà bá ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ jókòó sílé.

Mo bá a lọ síbẹ̀. "Na apá yẹn kí n rí i."

Ó nà án, ó dé ibì kan, ó dúró, ojú rẹ̀ sì fà ro. Ó ti pẹ́ tí èjìká yẹn ti ń dùn ún, kò lè di tòbí rẹ̀ lẹ́yìn mọ́, òrí ló ń fi pa á, ó ní làkúrègbé ni. Ibi tí ìrora bá ti dá a dúró ló ti ń gé aṣọ, kò sì mọ̀!

"Kùdírà, àbí Ọlọ́run ló fi apá yìí mú mi? Bóyá mo jalè láìmọ̀."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi. "Dìde jàre! Ọsibítù la ń lọ."

Dókítà obìnrin tó rí wa gbé apá náà sókè díẹ̀díẹ̀, kò lọ. Ó ní ṣé Mànsúrà ní àtọ̀gbẹ. Mànsúrà ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí ló kan ṣúgà kan èjìká? Dókítà ní ó kàn án gan-an, pé ṣúgà a máa mú kí oríkèé le, a sì máa mú èjìká alátọ̀gbẹ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ó ní yóò pẹ́ kó tó tú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń tú.

"Ṣé ẹ ń lo oògùn ṣúgà yín déédéé?"

Mànsúrà wolẹ̀. Ìgbà tó bá wù ú ló ń lò ó, mo mọ̀. Mo ní, "Iná ò tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò lè tán léèékánná." Dókítà ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹni tí mò ń bá wí gbọ́.

"Dókítà," ni Mànsúrà wí, "ẹ ní mi ò jalè?"

Dókítà ní èjìká tó le ni òun rí, òun ò rí olè. Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Alihamudulilai! Ara tèmi náà fúyẹ́.

Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù padà, ó ra ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń wọn aṣọ. Láràárọ̀ ló ń fi ìka rìn gun ògiri bí dókítà ṣe kọ́ ọ, kí èjìká lè tú, mo ní, "Alángbá, o ti dé òkè àjà?" Ó ń bú mi, ó ń gùn ún. Oògùn rẹ̀, iwájú mi ló ti ń lò ó. Èmi náà lọ bá Akosua nílé, mo ṣàlàyé, ó ń rán aṣọ rẹ̀ lọ.

Oṣù gorí oṣù. Nígbà tí ọdún Ìtunu Ààwẹ̀ ku díẹ̀, tí ọjà kún, Akosua dé. Ó mú aṣọ kan. Mànsúrà na ọwọ́ sí ọ̀pá irin, Akosua gbà á, ó gbé e sẹ́yìn ara rẹ̀.

"Maame, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, apá yín ni mo fẹ́."

Mànsúrà wò mí. Ó di etí aṣọ mú níbi imú, ó rọra na apá, ó na tán. Akosua ò fọwọ́ kan tépù ọrùn rẹ̀.