Ilé Ẹwà, Ilé Ẹ̀wà

Nígbà tí ìjọba Gáná ní kí gbogbo àlejò tí kò níwèé ìgbélùú máa lọ sílé, òórùn sítáàṣì ni mo rántí jù. Nínú ilé ìjọsìn wa ní Àkrà, níbi tí àwa Yorùbá ti ń fi èdè wa gbàdúrà, èmi tí mo ń ta ọṣẹ lọ́jà ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú pẹpẹ. Ìwé tí mo kà kò ju kí n lè ka orin àti Bíbélì Yorùbá lọ, ṣùgbọ́n mo mọ aṣọ funfun fọ̀.

Obìnrin aránṣọ kan wà nínú ìjọ, tó ń gbé ní àdúgbò Kotobabi. Àkrà ni wọ́n bí i sí. Yorùbá rẹ̀ dà bí bàtà tí ènìyàn yá wọ̀: ó ń rìn, ṣùgbọ́n ó ń wọ́ nílẹ̀. Láti ìgbà òjò ló ti ń fi òwú aláwọ̀ wúrà kọ ọ̀rọ̀ sára aṣọ pẹpẹ tuntun. Àṣẹ dé, gbogbo wa ń di ẹrù, òun ń ránṣọ. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni a ó pàdé kẹ́yìn. Mo ní kó fi aṣọ náà sílẹ̀ jàre.

Ó wò mí títí. “Bọ̀ọ̀dá, ilé yìí ni wọ́n ti sàmì sí mi lórí. Ṣé ká wá fi pẹpẹ ẹ̀ sílẹ̀ níhòòhò, ká máa lọ?”

Ní àárọ̀ Sátidé, mo lọ gba aṣọ náà kí n lè lọ̀ ọ́. Mi ò níwèé ìgbélùú, àwọn ọlọ́pàá sì wà káàkiri, ni mo bá wé e mọ́ inú lábẹ́ bùbá kí wọ́n má bàa gbà á. Ikùn mi ṣáájú mi lọ bí ti olówó.

Ọlọ́pàá kan dá mi dúró. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ máa lọ sí Nàìjíríà, kó fi èyí tó kù lára mi sílẹ̀. Ó fi kùmọ̀ kan ikùn mi, ó fi Hausa béèrè ohun tó wà níbẹ̀. Mo fa aṣọ náà yọ. Ó fẹ́ fọwọ́ kàn án, ó dúró, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀ ná. Ó ní, “Aláta,” bí wọ́n ti ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, “má rún un.” Ló bá di etí kan mú, mo di ìkejì mú, a ń ká a láàárín títì bí ìyàwó méjì lábẹ́ okùn aṣọ. Ibẹ̀ ni mo ti ka ohun tí aránṣọ kọ sí i: *Ilé ẹ̀wà ni ilé Olúwa.*

Ilé ẹ̀wà. Bíi ẹ̀wà àti dòdò: ó ti fi àmì ohùn kan lé lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ náà lórí. Mo bú sẹ́rìn-ín, ọlọ́pàá náà rẹ́rìn-ín, kò mọ ìdí. Ó ní kí n máa lọ.

Nígbà tí mo fi han aránṣọ náà ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó fi ìka kan àmì náà.

“Fìlà lẹ́tà ni mo pè é,” ó ní. “Àwọn tó kù dé tiwọn. Mo ní kí orí èyí má wà lófìfo.”

Ìyá àgbà kan nínú ìjọ ní kó fi sílẹ̀, pé ẹni tó ń rìnrìn àjò ò kọ ẹ̀wà. Aránṣọ ò gbà. Ó fi abẹ́rẹ́ tú àmì náà díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a tẹ́ ẹ sórí pẹpẹ. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, wúrà náà ń mì bí omi, àwa tí ẹrù wà lórí itan wa sì ń kọrin bí ẹni tí kò ní ibì kankan láti lọ. Obìnrin náà ò kọrin. Ó kàn ń wo aṣọ náà.

Ọkọ̀ rẹ̀ àti tèmi ò gba ọ̀nà kan náà. Nígbà tí wọ́n ti ilé ìjọsìn náà pa, èmi ni wọ́n ní kí n mú aṣọ náà lọ; ọwọ́ mi ló wà di òní, pẹpẹ ìjọ wa nílé ló ń bò. Tí mo bá sá a sórí okùn láàárọ̀, ìmọ́lẹ̀ máa ń gba àwọn ihò abẹ́rẹ́ yẹn kọjá, lórí lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú ẹwà, ó dúró gẹ́lẹ́ bíi fìlà. Wọ́n ti ní kí n rán àwọn ihò náà pa. Mo ní ojú mi ò ríran mọ́.